Nítorí Ta Lo Ṣe Yọ Iyọ̀?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ìyá ọkọ yín bá ṣàdédé yìn yín lọ́jọ́ kan, ẹ má tíì máa yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ilé ọkọ rẹ̀ ń pè ní Oníyọ̀. Kì í ṣe pé ó ń ta iyọ̀ o. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè fún wọn lẹ́yìn ìgbéyàwó ló sọ ọ́ lórúkọ. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà pọ̀ débi pé àbúrò ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá inú òkun ni wọ́n ti lọ pọn omi rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Alásè ni wọ́n ń pe ìyá náà, nítorí ilé ìdáná ilé-ìwé ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ahọ́n rẹ̀ mú, ìbáà ṣe ní ti ìtọ́wò, ìbáà ṣe ní ti ọ̀rọ̀ sísọ. Bó bá wá sílé ọmọ rẹ̀, á ṣí ìkòkò, á tọ́ ọbẹ̀ wò, á dé e padà, á ní, "Ìyàwó, a dúpẹ́ o." Ìyẹn burú ju èébú lọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí Oníyọ̀ ti ń bá wọn tẹ̀wé kógbá wọlé, ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Dókítà ajá kan ládùúgbò ló ní kó máa bá òun ṣe bisikíìtì tí òun á máa fi tu àwọn ajá nínú bí òun bá ti gún wọn lábẹ́rẹ́ tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ìyẹ̀fun òótì ni, elégédé tí a sè tí a gún, ẹyin, àti ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí a yan gbẹ tí a sì lọ̀ kúnná.

Dókítà náà kìlọ̀ fún un dáadáa. Ó ní, "Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ṣúgà. Àlùbọ́sà, má tilẹ̀ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ajá kì í ṣe ènìyàn."

Ẹ wo ayé! Oúnjẹ kan ṣoṣo tí Oníyọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, ajá ló ń jẹ ẹ́. Bó bá ti ń gbé agolo wọ ọgbà dókítà, gbogbo ajá tó bá jókòó ti olówó rẹ̀ á dìde, wọ́n á máa jurù. Ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Àwọn oníbàárà tèmi kì í ráhùn." Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, á dáhùn pé, "Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ẹnu ráhùn?"

Ohun kan ṣoṣo ni tọkọtaya náà fi pamọ́: Ìyá Alásè kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìyá náà ní òfin kan tó gbé bọ̀ láti ilé ìdáná ilé-ìwé. Ó ní abọ́ tí a bá ti fi po oúnjẹ ajá kò tún gbọdọ̀ padà sórí tábìlì ènìyàn. Ó ti torí ẹ̀ lé òṣìṣẹ́ kan lọ sílé rí, tòun ti ẹkún. Nítorí náà, bí Màmá bá ń bọ̀, agolo á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, fèrèsé á sì wà ní ṣíṣí kí òórùn ẹ̀dọ̀ lè jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá dé láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni Oníyọ̀ wà, ó ń sá aṣọ. Bisikíìtì wà nínú tíréè lórí tábìlì, ó ń tutù. Ẹnu ife ló fi gé wọn, nítorí náà wọ́n rí roboto, wọ́n pọ́n díẹ̀ létí bí bisikíìtì èyíkéyìí tí a lè gbé fún àlejò. Nígbà tó fi máa wọlé, ìyá ọkọ rẹ̀ ti jókòó, ó ti jẹ ọ̀kan tán, ó sì ti ń jẹ èkejì. Ó di ojú.

Oníyọ̀ nawọ́ sí tíréè. "Màmá, ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn—"

"Dákẹ́ ná." Ìyá Alásè ń rún un lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò síyọ̀ níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ẹ má—"

"Kò sí ṣúgà." Ìyá náà la ojú. Omi ti gba ojú náà kan. "Ìyàwó mi. O gbọ́ ohun tí dókítà sọ fún mi."

Lóòótọ́, Oníyọ̀ ti gbọ́. Dókítà ilé ìwòsàn ti ní kí Ìyá Alásè yé jẹ iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì dín ṣúgà kù. Ọkọ rẹ̀ sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Oníyọ̀ dáhùn pé, "Yéè, pẹ̀lẹ́," ó sì ń bá fóònù ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá Alásè ní, "Gbogbo ọmọ tí mo bí, 'Ẹ rọra, Màmá' ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Kò sí ẹyọ kan tó torí mi fọwọ́ kan abọ́. Ìwọ tí mo sọ ní Oníyọ̀, ìwọ lo torí mi yọ iyọ̀."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yẹ kí Oníyọ̀ sọ: oúnjẹ ajá ni. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò yìn ín rí ló ń wò ó báyìí bí ẹni pé òun ló bí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí, tí ẹ ń sọ pé ẹ̀yin ì bá ti sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ rọra o. Ìyìn tí ènìyàn ti ń retí láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kì í rọrùn láti dá padà.

Oníyọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín, Màmá."

"Ìwọ náà mú ọ̀kan, ká jọ jẹ ẹ́."

"Rárá, Màmá. Tiyín ni gbogbo ẹ̀."

Bó ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ pàkúté nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Ìyá Alásè ń wá. Agolo aláwọ̀ ewé kan ló ń gbé wá. Inú agolo yẹn ló ń kó bisikíìtì oníyọ̀ sí tẹ́lẹ̀, èyí tí dókítà bẹ̀ ẹ́ títí kó jáwọ́ níbẹ̀ tí kò gbọ́. Fúnra rẹ̀ ló da bisikíìtì oníyọ̀ náà nù. Ó ní òun ti rí tòun.

Oníyọ̀ gbìyànjú láti já ara rẹ̀ gbà. Ó ra abọ́ tuntun, ó ra tíréè tuntun, ó ní òun á máa ṣe ti ènìyàn lọ́tọ̀. Ó yọ ẹ̀dọ̀ kúrò, ó gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i. Ìyá Alásè gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá ìyókù padà sínú agolo.

"Kí lo yọ níbẹ̀?"

"Kò sí o, Màmá."

"Ìyàwó, ìdí ìkòkò ni irun mi ti funfun. Nǹkan kan wà nínú ti tẹ́lẹ̀ tó ń ta sánsán bí ẹran yíyan. Èyí tó o gbé wá yìí dà bí páálí lẹ́nu."

Oníyọ̀ ní, "Ẹ̀dọ̀ adìyẹ ni, Màmá."

"Ẹ̀dọ̀! Nínú bisikíìtì! Ta ló kọ́ ẹ nírú ọgbọ́n yìí?"

Dókítà ajá ni. Ẹ sì gbọ́ ohun tó dáhùn: "Èmi náà ni mo kàn rò ó bẹ́ẹ̀, Màmá."

Irọ́ kì í dá gbé. Bó bá ti gba yàrá kan nínú ilé, á ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Oníyọ̀ dá ẹ̀dọ̀ padà sínú ti Màmá. Nígbà tó tún di pé dókítà ajá ń béèrè sí i, agbára abọ́ méjì kò sí mọ́. Abọ́ kan náà ló fi ń pò ó, tíréè kan náà ló fi ń yan án. Apá kan ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ajá, apá kan ń lọ sínú agolo aláwọ̀ ewé. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹyọ kan kan ẹnu. Bó bá ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ojú àwọn ajá tó wà lọ́gbà dókítà ló máa ń rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń fọ gíríìsì ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá pè mí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti ń wálẹ̀. Wọ́n ní bisikíìtì ìyàwó àwọn ni. Bisikíìtì wo?"

Oníyọ̀ ń wo ògiri.

"Mo ní, bisikíìtì wo?"

"Bisikíìtì wo ló wà nílé yìí?"

Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in débi pé ó di etí bàsíà mú kó má baà ṣubú. Lójijì ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró, bí fíríìjì tí iná lọ mọ́. "Ìyá mi ń jẹ oúnjẹ ajá."

"Kò sí ohun búburú kankan nínú ẹ̀—"

"Mi ò béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Lọ sọ fún wọn lọ́la."

"Ìwọ lọ sọ fún wọn. Ṣebí ìyá ẹ ni."

"Èmi kọ́ ni mo bí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ lo bí i, ìwọ ni kó o pọ̀n ọ́n."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá tún padà sídìí bisikíìtì oníyọ̀ yẹn ńkọ́? Tí ẹ̀jẹ̀ bá tún ru? Ṣé wàá ní mi ò sọ fún ẹ?"

Ọkọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó sì jókòó síwájú oúnjẹ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Òun náà ti di ará inú pàkúté.

Ohun tó wá burú jù ni pé inú ìyá náà dùn. Ó pe gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ní ẹni tó bá tún pe ìyàwó òun ní Oníyọ̀, òun àti onítọ̀hún ni. Àbúrò ọkọ tó dá àpárá omi òkun sílẹ̀ wá tọrọ àforíjì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà. Inú ilé ìwẹ̀ ló sá lọ lẹ́yìn náà, ó ṣí omi, ó sì sunkún. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ní Sátidé kan, Ìyá Alásè gbé agolo dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹgbẹ́ àwa alásè tó ti fẹ̀yìn tì ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ ẹ fún wọn. Ìwọ lo máa ṣe ìpanu."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ra kéèkì."

"Kéèkì kẹ̀! Èwo nínú wa ni dókítà ò tíì bá wí lórí ṣúgà?"

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, Oníyọ̀ pè é lórí fóònù, ó fi ohùn ṣàìsàn. Ó ní ara òun kò yá, òun kò ní lè dìde.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Ìyá Alásè wí. "Má ṣe wàhálà. Màá wá pò ó nínú ilé ìdáná ẹ fúnra mi. Kàn máa sọ fún mi láti orí bẹ́ẹ̀dì."

Ara Oníyọ̀ yá lójú ẹsẹ̀.

Pálọ̀ Ìyá Alásè kún lọ́jọ́ náà. Àwọn àga tí wọ́n yá láti ilé ìkejì ni wọ́n tò yí ògiri ká. Àwọn màmá tó jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò tíì ro ìkòkò tó ga ju ọmọdé lọ. Wọ́n ń jẹ bisikíìtì bí adájọ́ ṣe ń gbọ́ ẹjọ́.

"Mo gbọ́ òórùn ẹ̀dọ̀ níbẹ̀," ni ọ̀kan wí.

"Elégédé ló jẹ́ kó rọ̀ nínú," ni èkejì wí. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe."

Ìyá Alásè jókòó láàárín wọn, kò jẹun, ó kàn ń wo ẹnu wọn. Ayọ̀ ti sọ ọ́ di ọmọdé. Màmá kan yíjú sí Oníyọ̀ tó di tíréè mú lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ìwọ ò jẹ?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a dáhùn. "Kò jẹ ẹ́ rí. Èmi ló máa ń fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún."

Ìgbà yẹn ni màmá tó pẹ́ jù wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbé ajá funfun kékeré kan sábẹ́ apá. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀ la ti ń bọ̀, kò sẹ́ni nílé tí mo lè fi í sílẹ̀ fún."

Ìyá Alásè fajú ro. "Jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn."

Ajá ò gbọ́ àṣẹ alásè. Ó fò sílẹ̀, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà kọjá, ó sì lọ tààrà sọ́dọ̀ Oníyọ̀. Ó pòòyì yí i ká, ó ń jurù, ó ń ké bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ tó ti àjò dé. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó ń retí.

Olówó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó! Bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ dókítà nìyẹn tó bá fẹ́ gba bisikíìtì." Ó wá gbójú sókè. "Háà! Àṣé ẹ̀yin nìyí! Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé agolo wá síbẹ̀! Ẹ̀yin jàre, ọmọbìnrin yìí ló ń ṣe bisikíìtì gbogbo àwọn ajá àdúgbò. Kò sí ajá tí kò mọ̀ ọ́n!"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo àwo orí itan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹnu gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá kan ń wá áńkáṣíìfù. Òmíràn ti rún tirẹ̀ dé ìdajì, kò mọ̀ bóyá kí òun gbé e mì tàbí kí òun tu ú. Ajá náà kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ìyá Alásè kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Màmá, kò sí ohun tí ènìyàn ò lè jẹ nínú ẹ̀. Òótì ni, elégédé ni, ẹyin—"

"Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ tó. Ohun tí mò ń bi ẹ́ ni pé, nítorí ta lo ṣe yọ iyọ̀?"

Irọ́ kan ṣì wà nílẹ̀ tó lè mú. Ó wò ó, ó rẹ̀ ẹ́. "Nítorí àwọn ajá ni, Màmá."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ fúnra ẹ, o ti jẹ ẹ́ rí?"

"Rárá, Màmá."

"Mo rò pé o ń fi du ara ẹ nítorí mi ni."

Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dìde, ó ń gba àwo lórí itan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Alásè tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí ń sọ fún ọ̀kan lẹ́yìn èkejì pé, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kí ẹ wá jẹ." Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ajá náà, ó mú bisikíìtì kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi í sí i lẹ́nu.

"Gba tìẹ," ló wí.

Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, kò wá. Ọkọ Oníyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbi iṣẹ́, ó ń tún fíríìjì tí kò bàjẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó pe obìnrin náà ní Oníyọ̀ mọ́ nínú ẹbí. Wọn ò pè é ní ohunkóhun. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá sọ fún un pé Màmá ti tún ń ra bisikíìtì oníyọ̀.

Oníyọ̀ lọ bá dókítà ajá, ó ní kó fún òun láyè lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, òun kò ní po oúnjẹ ajá nínú ilé òun mọ́. Dókítà gbà. Ìyàwó náà wá fọ agolo aláwọ̀ ewé tí Màmá fi sílẹ̀ nílé rẹ̀, ó yan bisikíìtì sí i nínú abọ́ tí ajá kankan kò ní ìpín nínú ẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ìyá Alásè sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé pé òun ti yó. Ó gbé e padà sílé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gbé òmíràn lọ, ìyá náà tún ti yó. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ń rò nígbà tó ń sọ èyí fún mi. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ṣì kéré ni ká sọ ọ́, nítorí kì í dúró kó má dàgbà.

Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá Alásè nawọ́ sí àga. Òun náà jókòó, ó ṣí agolo, ó mú bisikíìtì kan, ó sì dá a sí méjì. Ó na ìdajì sí i.

"Jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́. Ó gbẹ lẹ́nu, ó le díẹ̀, adùn ẹ̀dọ̀ náà kò tètè dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Kò níyọ̀, Màmá."

"Nítorí ta ni?"

"Nítorí yín ni, Màmá."

Ìyá Alásè wo ìdajì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi bébà wé e, ó sì fi í sínú àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ní, "Màá jẹ ẹ́ tó bá yá."

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, gbogbo Sátidé ni ìyàwó náà ń gbé agolo lọ. Gbogbo Sátidé ni ìyá náà ń dá ọ̀kan sí méjì, tó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ìdajì, tó sì ń fi ìdajì tirẹ̀ sínú àpò. Ìyá náà máa ń gba ìyókù sílẹ̀, agolo á sì ṣófo kó tó padà sílé ìyàwó. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò tíì jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀ rí, ìyàwó náà kò sì lè bi í bóyá ó ń jẹ ẹ́.